Iná kọ́ ló mú kó wọ́n, àtúnṣe ni: Ọ̀rọ̀ owó ìdójútòfò ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù oníná l'Amẹ́ríkà

Ẹni tó bá ra ẹṣin mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò tán síbi owó ẹṣin, nítorí pé ẹṣin yóò jẹ koríko, yóò sì mu omi. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ rí. Láti ìgbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọkọ̀ l'Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù tó ń fi iná mànàmáná rìn, ohun tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ sí àwọn oníbàárà létí jù lọ ni pé ẹni tó bá rà á ti bọ́ lọ́wọ́ owó epo bẹntiróòlù. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Owó kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í béèrè títí wọ́n yóò fi tọwọ́ bọ̀wé, òun náà ni owó ìdójútòfò, èyí tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí ínṣọ́ránsì. Lórí irú ọkọ̀ yìí, owó náà lè pọ̀ débi pé yóò gbé gbogbo èrè tí èèyàn rò pé òun ti rí nídìí epo mì káló.

Ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn yìí ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo lè máa bi ara rẹ̀ pé kí ló kan òun nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ Amẹ́ríkà. Ó kàn án. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Houston, Atlanta, Chicago àti ìpínlẹ̀ Maryland kò kéré rárá, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń fi ọkọ̀ ṣiṣẹ́ òòjọ́. Owó tí wọ́n bá san lé ọkọ̀ níbẹ̀, owó tí kò ní lè wálé ni. Bákan náà, àwọn ọkọ̀ tí ìjàǹbá ti bàjẹ́ lọ́hùn-ún ń bẹ lára àwọn tí àwọn oníṣòwò ń kó wá sí Kútọnú àti Èkó tí a ń pè ní tòkunbọ̀. Nítorí náà, ó yẹ ká mọ ohun tó ń lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ àwọn ọkọ̀ tí à ń sọ. Ilé-iṣẹ́ Rivian ló ṣáájú nínú gbogbo wọn; oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021 ni R1T àkọ́kọ́ jáde láti ilé-iṣẹ́ wọn tó wà ní ìlú Normal, ní ìpínlẹ̀ Illinois. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022 ni Ford bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe F-150 Lightning ní Dearborn, ní ìpínlẹ̀ Michigan. Tesla ni tirẹ̀ kó Cybertruck àkọ́kọ́ fún àwọn tó rà á ní Austin, ní Texas, lọ́jọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2023. General Motors náà ní GMC Hummer àti Chevrolet Silverado oníná.

Iye tí wọ́n fi polówó àwọn ọkọ̀ yìí kọ́ ni wọ́n tà wọ́n. Nígbà tí Ford fi Lightning han aráyé ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021, 39,974 dọ́là ni wọ́n ní èyí tó kéré jù lọ yóò jẹ́. Kó tó di oṣù Kẹta ọdún 2023, ó ti di 59,974 dọ́là, kí wọ́n tó tún fà á wálẹ̀ sí 49,995 dọ́là ní oṣù Keje ọdún náà. Tesla ní 39,900 dọ́là ni Cybertruck yóò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n kéde rẹ̀ lọ́dún 2019. Nígbà tí ọkọ̀ náà dé lọ́dún 2023, iye tó kéré jù lọ tí wọ́n kọ sí i ti di 60,990 dọ́là. A sọ èyí nítorí pé ohun àkọ́kọ́ tí ilé-iṣẹ́ adójútòfò máa ń wò ni iye tí yóò ná òun láti fi ọkọ̀ mìíràn rọ́pò bí èyí bá bàjẹ́ pátápátá tàbí bí olè bá gbé e lọ.

Níbí nílé, ọ̀rọ̀ náà kò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gba ìdójútòfò tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin, èyí táwọn awakọ̀ ń pè ní tádì-pátì, iye kan náà ni yóò san, ì báà jẹ́ ọmọ ogún ọdún tàbí arúgbó, ì báà gbé ní Àkúrẹ́ tàbí ní Ìkẹjà. Láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023 ni àjọ NAICOM, tó ń bójú tó iṣẹ́ adójútòfò ní Nàìjíríà, ti sọ iye náà di náírà 15,000 fún ọkọ̀ aládàáni, láti orí náírà 5,000 tó wà tẹ́lẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá sì kéde pé láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejì ọdún 2025 ni àwọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹnikẹ́ni tí kò bá ní in. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, yóò san ó kéré tán ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye ọkọ̀ rẹ̀. Ìṣirò náà kò ṣòro, ọmọ iléèwé lè ṣe é.

L'Amẹ́ríkà, kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí iye kan ṣoṣo. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní ọ̀nà tó ń gbà ṣírò. Aládùúgbò méjì tí wọ́n ra ọkọ̀ kan náà lọ́jọ́ kan náà lè máa san owó tó jìnnà síra wọn. Wọ́n ń wo ọjọ́ orí awakọ̀, bó ti pẹ́ tó tó ti ń wakọ̀, ìjàǹbá tó ti ní, àdúgbò tó ń gbé, iye máìlì tó ń rìn lọ́dún, àti irú ọkọ̀ tó ń wà. Òfin Texas sọ pé ìdójútòfò awakọ̀ gbọ́dọ̀ lè san ó kéré tán 30,000 dọ́là fún ẹnì kan tó bá farapa, 60,000 dọ́là fún gbogbo àwọn tó bá farapa nínú ìjàǹbá kan, àti 25,000 dọ́là fún dúkìá ẹlòmíràn tó bá bàjẹ́. Ní California, láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, iye náà di 30,000, 60,000 àti 15,000. Kó tó dìgbà náà, dúkìá 5,000 dọ́là péré ni òfin béèrè. Ẹni tó bá yá owó ra ọkọ̀ kò lè fi mọ síbi tí òfin fi mọ o. Báńkì tó yá a lówó yóò sọ fún un pé kó ra èyí tó bo ọkọ̀ tirẹ̀ náà, bó bá kọ lu nǹkan, bí iná bá jó o, bí olè bá gbé e, tàbí bí àgbàrá bá bò ó.

Nísinsìnyí, kí ló dé tí píkọ́ọ̀pù oníná fi sábà máa ń gbówó lórí ju elépo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ lójú àwọn adójútòfò? Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìbẹ̀rù iná ni. Wọ́n ti gbọ́ pé bátìrì lè gbiná, wọ́n sì ti rí i kà pé ọ̀kan lára àwọn Lightning gbiná ní ọgbà Ford ní Dearborn ní oṣù Kejì ọdún 2023, tí ilé-iṣẹ́ náà fi dá iṣẹ́ dúró fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù iná kọ́ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Gbòǹgbò rẹ̀ ni àtúnṣe. Iye tí ọkọ̀ yóò ná ẹni tí yóò tún un ṣe lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣe é ni adójútòfò ń gbà lọ́wọ́ onímọ́tò díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ohio lọ́dún 2023, tí àwọn ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà gbé jáde. Ọkọ̀ kan rọra kọ lu Rivian R1T ẹnì kan láti ẹ̀yìn. Kì í ṣe eré àsápajúdé ni wọ́n ń sá. Bọ́ńpà ẹ̀yìn ni gbogbo èèyàn rò pé ó bàjẹ́, ilé-iṣẹ́ adójútòfò ẹni tó kọ lù ú sì kọ́kọ́ gbé bíi 1,600 dọ́là kalẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ náà tán, owó rẹ̀ wọ nǹkan bíi 42,000 dọ́là. Ìdí ni pé awẹ́ irin kan ṣoṣo ni wọ́n fi ṣe ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà láti ẹ̀yìn títí dé iwájú. Kí panẹ́bítà tó lè dé ibi tó ti wọnú, ó ní láti tú ohun tó pọ̀ palẹ̀, kó sì dà á padà bó ṣe wà. Owó tó lè ra odidi ọkọ̀ tuntun ni wọ́n ná lórí ohun tó dà bí ìfarapa kékeré.

Ibí yìí gan-an ni ìyàtọ̀ ti wà láàárín àwọn ọkọ̀ náà. Ford kò yí ara Lightning padà púpọ̀ kúrò ní ti F-150 elépo. Orí ọkọ̀ àti ibi ìkẹ́rù wọn jọra, irin alumíníọ́ọ̀mù tí Ford sì ti ń fi ṣe F-150 láti ti ọdún 2015 náà ni. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé àwọn panẹ́bítà tó mọ iṣẹ́ ara rẹ̀ wà káàkiri, ẹ̀yà ara rẹ̀ sì wà lọ́jà. Ti Cybertruck yàtọ̀. Irin tí kì í dípẹtà ni ara rẹ̀, kò sì ní ọ̀dà. A kò lè lù ú kí a fi ohun kan dí i kí a sì kùn ún bí a ṣe ń ṣe ọkọ̀ mìíràn. Nítorí náà, bí èèyàn bá ń fi owó ìdójútòfò ọkọ̀ wọ̀nyí wéra, ìbéèrè tó yẹ kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni pé: gáréèjì mélòó ló lè tún èyí ṣe láàárín ìlú tí mò ń gbé?

Ìṣòro kejì ni bátìrì. Bátìrì Lightning wà ní oríṣi méjì, ti kílówáàtì-wákàtí 98 àti ti 131, abẹ́ ọkọ̀ ló sì tẹ́ sí. Ohun tó wọ́n jù nínú ọkọ̀ náà nìyẹn. Bí ọkọ̀ bá gun òkúta tí abẹ́ rẹ̀ ha, mẹkáníìkì lè wò ó kó sì rí ìlà lásán, ṣùgbọ́n kò lè fi ojú mọ̀ bóyá nǹkan ti ṣe ohun tó wà nínú. Bí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ kò bá fún un ní ìmọ̀ àti irinṣẹ́ tí yóò fi yẹ bátìrì wò, adójútòfò kì í fẹ́ fi ẹ̀mí èèyàn ta tẹ́tẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, yóò kúkú san owó ọkọ̀ náà fún onímọ́tò, yóò sì kọ ọkọ̀ náà sílẹ̀ bí èyí tó ti kú.

Ẹ̀kẹta ni ìwọ̀n. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, Jennifer Homendy, alága àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí ìjàǹbá ìrìnnà l'Amẹ́ríkà, sọ̀rọ̀ síta pé bí ọkọ̀ oníná ṣe ń wúwo sí i ń kọ òun lóminú. Ó tọ́ka sí Hummer oníná tó wúwo ju 4,000 kílò lọ, tí bátìrì rẹ̀ nìkan sì tó nǹkan bíi 1,300 kílò, àti Lightning tó fi nǹkan bíi 900 sí 1,300 kílò wúwo ju F-150 elépo. Ọkọ̀ tó wúwo tó bẹ́ẹ̀, tó tún ń ta bí ọfà níṣẹ́jú àáyá mélòó kan, bó bá kọ lu ọkọ̀ kékeré, ọkọ̀ kékeré náà ni yóò jẹ ìyà jù. Owó ìyà náà ni adójútòfò ń ṣírò mọ́ ti onímọ́tò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wa ọkọ̀ àtijọ́ tiyín l'Amẹ́ríkà, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Bí ẹni tó gba ìdójútòfò tó kéré jù lọ ní Texas bá ṣèèṣì kọ lu irú Rivian tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè yìí, 25,000 dọ́là ni ilé-iṣẹ́ rẹ̀ yóò san mọ. Bí àtúnṣe náà bá jẹ́ 42,000 dọ́là, ta ni yóò san 17,000 tó kù? Wọ́n lè gbé awakọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́ nítorí rẹ̀. Bí ọkọ̀ olówó ńlá ṣe ń pọ̀ sí i lójú títì, bẹ́ẹ̀ ni ìdójútòfò tó kéré jù lọ ń di aṣọ tí kò bo orúnkún mọ́.

Ṣùgbọ́n ká má fi gbogbo ẹ̀bi sórí ọkọ̀ oníná. Owó ìdójútòfò gbogbo ọkọ̀ ló gbéra l'Amẹ́ríkà. Ìṣirò ìjọba wọn fi hàn pé láàárín oṣù Kẹta ọdún 2023 sí oṣù Kẹta ọdún 2024, ó fi ìdá 22.2 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Lọ́dún 2025, ìjọba Ààrẹ Trump tún bu owó ibodè ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lé ọkọ̀ àti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara ọkọ̀ tó ń wọlé láti òkè òkun, ohun tó sì gbówó lé ẹ̀yà ara ọkọ̀ yóò gbówó lé àtúnṣe. Síwájú sí i, àǹfààní kan wà lára ọkọ̀ oníná tí a kò gbọdọ̀ gbé pamọ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2021, Highway Loss Data Institute, tó ń kó ìṣirò jọ fún àwọn adójútòfò, sọ pé láàárín ọdún 2011 sí 2019, bí àwọn tó jókòó sínú ọkọ̀ oníná ṣe ń béèrè owó ìfarapa fi ohun tó ju ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn tó wà nínú irú ọkọ̀ kan náà tó ń lo epo. Ìwọ̀n tó ń ṣe ẹlòmíràn léṣe náà ló ń dáàbò bo ẹni tó wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe pé ọkọ̀ oníná burú. Ara èèyàn ń yè níbẹ̀, ṣùgbọ́n ara ọkọ̀ ń gbówó.

Ó ku ọ̀rọ̀ awakọ̀ fúnra rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti dun àwọn èèyàn wa jù. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, àwọn adójútòfò máa ń wo àkọsílẹ̀ bí èèyàn ṣe ń san gbèsè kí wọ́n tó sọ iye tí yóò san. California, Hawaii àti Massachusetts kò fàyè gba èyí, ṣùgbọ́n Texas àti Georgia gbà á láàyè. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, síbẹ̀ kò ní àkọsílẹ̀ kankan, àìní àkọsílẹ̀ sì lè kó bá a bí ẹni tó jẹ gbèsè tí kò san. Bó ti lẹ̀ fi ogún ọdún wakọ̀ láti Èkó dé Kánò láìní ìjàǹbá kankan, ilé-iṣẹ́ náà lè má ka ọdún wọ̀nyẹn sí, kó sì wò ó bí ẹni tó kọ́ ọkọ̀ lánàá.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí wọ́n ń gbà ṣírò. Tesla dá ìdójútòfò tirẹ̀ sílẹ̀ ní California ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ó sì gbé e dé Texas ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021. Ní Texas, ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ ló ń ṣọ́ ẹni tó ń wà á: bó ṣe ń tẹ bíréèkì, bó ṣe ń yà, bó ṣe ń súnmọ́ ọkọ̀ iwájú, tó sì ń fún un ní máàkì. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn náà ní irú ètò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń fi sùúrù wakọ̀ lè jèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa ń ka wíwakọ̀ lóru sí ewu, ta ni kò sì mọ̀ pé iṣẹ́ òru ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń ṣe nílé ìwòsàn àti nílé ìtọ́jú arúgbó lọ́hùn-ún? Nọ́ọ̀sì tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ lóru kò ṣẹ̀ sí òfin, ṣùgbọ́n máàkì rẹ̀ lè lọ sílẹ̀. Kó tó gba irú ètò yìí, ó yẹ kó béèrè bí wọ́n ṣe ń ka òru.

Ẹ jẹ́ ká wá fi ìṣirò yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Ká ní ẹnì kan ní Texas ń rin máìlì 12,000 lọ́dún. Bí píkọ́ọ̀pù elépo rẹ̀ bá ń rin máìlì 20 lórí gálọ̀nù kan, gálọ̀nù 600 ni yóò rà. Bí gálọ̀nù kan bá jẹ́ dọ́là mẹ́ta, 1,800 dọ́là nìyẹn. Lightning ń lo nǹkan bíi kílówáàtì-wákàtí 48 fún ọgọ́rùn-ún máìlì, nítorí náà yóò lo 5,760 lọ́dún. Bó bá ń gba iná sí i nílé, tí ẹyọ kan sì jẹ́ sẹ́ǹtì 15, 864 dọ́là ni yóò san. Èrè rẹ̀ jẹ́ 936 dọ́là. Ṣùgbọ́n láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, Texas ń gba 200 dọ́là lọ́dọọdún lọ́wọ́ àwọn onímọ́tò oníná tí wọ́n bá fẹ́ sọ ìwé ọkọ̀ wọn dọ̀tun, nítorí pé wọn kì í san owó orí epo. Ó ku 736 dọ́là, ìyẹn nǹkan bíi 61 dọ́là lóṣù.

Ìwọ̀n tí yóò fi wọn owó ìdójútòfò nìyẹn. Bí ti oníná bá fi 30 dọ́là ju ti elépo lóṣù, èrè ṣì wà níbẹ̀, pàápàá nítorí pé kò ní pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Bó bá fi 61 dọ́là jù ú, ọ̀mì ni wọ́n ta. Bó bá fi ọgọ́rùn-ún dọ́là jù ú, ìlérí epo ti di àlá tí a lá tí ilẹ̀ sì mọ́. Ẹni tí kò sì ní ibi tí yóò ti gba iná nílé, tó jẹ́ pé ibi ìgbanásọ́kọ̀ ìta ló gbára lé, bí ẹyọ kan níbẹ̀ bá jẹ́ sẹ́ǹtì 45, yóò san 2,592 dọ́là lọ́dún. Ẹlẹ́po sàn jù ú lọ kí a tó dé orí ìdójútòfò rárá.

Ohun tuntun kan tún ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀dínwó owó orí 7,500 dọ́là tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń fún àwọn tó bá ra ọkọ̀ oníná tó yẹ dópin ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Ford kéde pé òun ò ní ṣe Lightning tó jẹ́ oníná pátápátá mọ́, pé èyí tí yóò tẹ̀ lé e yóò ní ẹ́ńjìnnì epo tí yóò máa fún bátìrì níná. Irú ìròyìn báyìí kì í jẹ́ kí àlòkù dúró lórí iye tó wà. Inú ẹni tó fẹ́ rà lè dùn pé ó ti pọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń bàjẹ́, a ní ó ń pọ́n: iye ọkọ̀ lè wálẹ̀ kí iye àtúnṣe rẹ̀ má wálẹ̀.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Ká ní ọkọ̀ kan jẹ́ 50,000 dọ́là nígbà tó wà ní tuntun, tó sì di 30,000 lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ìjàǹbá ṣẹlẹ̀, àtúnṣe rẹ̀ jẹ́ 24,000. Bó bá jẹ́ nígbà tó ṣì jẹ́ 50,000 ni, kò tó ìdajì, wọn yóò tún un ṣe. Nísinsìnyí, ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún iye rẹ̀ ni. Ní Maryland, ọkọ̀ tí àtúnṣe rẹ̀ bá ju ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún iye rẹ̀ lọ ti di ọkọ̀ tí a kọ̀ sílẹ̀. Adójútòfò yóò san 30,000, lẹ́yìn tó bá ti yọ iye tí onímọ́tò gbà láti fi dá tirẹ̀ kúrò. Bí gbèsè tó kù ní báńkì bá jẹ́ 38,000, onímọ́tò kò ní ọkọ̀ mọ́, ó sì tún jẹ ohun tó lé ní 8,000 dọ́là. Oríṣi ìdójútòfò kan wà tí wọ́n ń pè ní gáàpù tó ń dí irú ihò yìí. Ẹni tó bá yá owó púpọ̀ ra ọkọ̀ oníná kò gbọdọ̀ fojú fo o.

Níbo ni ọkọ̀ tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀ ń lọ? Ọjà gbàǹjo ni. Láti ibẹ̀ ni àwọn oníṣòwò kan ti ń rà wọ́n wá sí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí àwọn panẹ́bítà wa yóò nà án, tí wọn yóò kùn ún, tí yóò sì tún dà bí tuntun. Ọgbọ́n yìí ṣiṣẹ́ fún Corolla elépo. Kò lè ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọkọ̀ tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀ nítorí pé kò dá wọn lójú ohun tó ṣe bátìrì rẹ̀. Lẹ́yìn tí ìjì Ian jà ní Florida lọ́dún 2022, àwọn ọkọ̀ oníná kan tí omi òkun wọ̀ gbiná, àwọn mìíràn lẹ́yìn ọjọ́ púpọ̀ tí omi ti fà. Ẹni tó bá rí píkọ́ọ̀pù oníná lówó pọ́ọ́kú lọ́jà tòkunbọ̀, kó kọ́kọ́ béèrè ìdí tí adójútòfò Amẹ́ríkà fi sá fún un.

Kí ni ṣíṣe? Èkíní, kí èèyàn béèrè owó ìdójútòfò kó tó tọwọ́ bọ̀wé ọkọ̀, kó má ṣe jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Èkejì, kó béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ó kéré tán, kó sì rí i pé ohun kan náà ni òun ń fi wéra. Ibi tí àṣìṣe pọ̀ sí jù nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ kan lè sọ iye oṣù mẹ́fà, kí èkejì sọ ti ọdún kan. Ọ̀kan lè dà bí ẹni pé ó pọ́ọ́kú nítorí pé onímọ́tò ni yóò kọ́kọ́ san 2,000 dọ́là bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, nígbà tó jẹ́ 500 ni ti èkejì. Ẹ̀kẹta, kó béèrè bóyá ẹ̀yà ara ọkọ̀ gidi ni wọn yóò lò fún àtúnṣe, àti bóyá wọn yóò háyà ọkọ̀ fún un ní gbogbo ìgbà tí tirẹ̀ bá wà ní gáréèjì, nítorí pé àtúnṣe irú ọkọ̀ yìí lè pẹ́. Ẹ̀kẹrin, bó bá fẹ́ fi ọkọ̀ náà kẹ́rù fún owó, kó sọ òótọ́ fún wọn. Ìdójútòfò ọkọ̀ aládàáni kì í sábà bo iṣẹ́ ajé, ọjọ́ ìjàǹbá kọ́ ló sì yẹ kí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀.

Iṣẹ́ tó ku jùlọ wà lọ́wọ́ àwọn aṣọkọ̀. Bí wọ́n bá ń ṣe ọkọ̀ tí a lè pààrọ̀ bọ́ńpà rẹ̀ láì tú òrùlé, tí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn mẹkáníìkì tí kì í ṣe tiwọn lè yẹ bátìrì wò, owó ìdójútòfò yóò wálẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí pé ẹ̀rù tó ń ba adójútòfò yóò dín kù. Títí dìgbà náà, kí ẹni tó bá ń náwó lé píkọ́ọ̀pù oníná má ṣe bi ẹni tó ń tà á léèrè iye tó jẹ́ nìkan. Kó bi í pé bí wọ́n bá kọ lù ú lọ́la, ta ni yóò tún un ṣe, èló sì ni?